Ẹ Má Dá A Dúró Sílé Lọ́jọ́ Eré

Kí ọmọ tó ń lu agogo ilé-ìwé tó gbé irin sókè, ọmọ àbúrò mi ti ki ìka bọ etí méjèèjì. Ó ti ń ṣọ́ ọ láti ọ̀ọ́kán. Rímù ọkọ̀ àtijọ́ tí wọ́n so mọ́ igi máńgòrò ni agogo ọ̀hún. Bó bá ti dún, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a sáré lọ tò, òun a ká jọ sílẹ̀, a máa gbọ̀n. Tíṣà kan wò ó títí, ó ní àkẹ́bàjẹ́ ni. Ìyá ọmọ gbọ́.

Kì í ṣe àkẹ́bàjẹ́. Ọ́tísíìmù ni, bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn. Ohun tí etí tiwa ń gbọ́n dànù, tirẹ̀ ń gbà á wọlé pátá: agogo, ariwo kíláàsì, ọrùn aṣọ tó le gan-an sì ń dùn ún bí ẹni fi ẹ̀gún gún un. Nígbà tí Dókítà Leo Kanner kọ̀wé nípa irú àwọn ọmọ yìí ní Amẹ́ríkà ní 1943, ó ti rí i pé ariwo ń já wọn láyà. Síbẹ̀, ó di 2013 kí àwọn dókítà ọpọlọ ibẹ̀ tó kà á mọ́ àmì tí wọ́n fi ń dá ọ́tísíìmù mọ̀. N kò wá lè bínú sí tíṣà tí kò mọ̀. Ẹni tó ti gbọ́, tí kò yí padà, ni mo ń bá wí.

Ẹni tó bá ti dé Pápá Olúyẹmí Káyọ̀dé níbí l'Ádó-Èkìtì lọ́jọ́ tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń yan mọ bó ṣe máa ń rí: ìlù, fèrè, gbohùngbohùn tó ń han, oòrùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìntàháòsì, ọjọ́ eré ìdárayá ilé-ìwé. Ìdí nìyẹn tí ilé-ìwé fi pe ìyá ọmọ: "Mà, ẹ jẹ́ kó sinmi nílé lọ́jọ́ náà." Wọ́n fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ọ́, wọ́n rò pé àánú ni. Èmi ò gbà. Ọmọ tí wọ́n ní kó sinmi nílé ń wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ láti ojú fèrèsé bí wọ́n ṣe ń wọ aṣọ pupa kọjá lọ. Òfin tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 2019 nítorí àwọn àkàndá ẹ̀dá ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe yà wọ́n sọ́tọ̀ nínú ẹ̀kọ́, àti pé kí ilé-ìwé ní, ó kéré tán, òṣìṣẹ́ kan tó kọ́ṣẹ́ bí a ti ń kọ́ wọn. Ẹ̀yin òbí l'Ádó, n'Íkẹ́rẹ́, n'Ífàkì, ẹ béèrè: ta ni òṣìṣẹ́ yẹn nílé-ìwé yín?

Lọ́dún tó tẹ̀lé e, àǹtí mìíràn gba kíláàsì ọmọ àbúrò mi. Nígbà tí eré ku ọ̀la, ó mú un lọ sórí pápá tí kò sí ẹnì kankan, àwọn méjèèjì rìn yíká lórí ìlà tí wọ́n fi eérú fà, lẹ́ẹ̀mẹta. Lọ́jọ́ eré gan-an, ó gbé àga fún un sábẹ́ igi nítòsí ìlà ìparí, níbi tó jìnnà sí gbohùngbohùn. Ìyá rẹ̀ yí inú aṣọ pupa síta kí ojú rírán má baà máa ha á lára, ó sì fi hẹ́dífóònù àtijọ́ bò ó létí. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa kọ nọ́ńbà àwọn tó bá sáré dé. Kò yan, kò sáré, ó sì ti padà sílé kí wọ́n tó gbé ife. Kọ́bọ̀ kan ò jáde lápò ilé-ìwé.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, nídìí iyán, ó ka gbogbo nọ́ńbà ọ̀hún fún wa láìwo ìwé, bí wọ́n ṣe tẹ̀lé ara wọn wọlé.