Oṣù Lé, Ẹ Wo Omi



Bí oṣù àwẹ̀ bá fẹ́ lé, ojú gbogbo wa a máa wà lókè. Ọmọdé á ní òun ti rí i, àgbà á ní kò tíì lé. Ọ̀rọ̀ mi lọ́sẹ̀ yìí ni pé ẹni tí ó ń gbé etí òkun Ìlàjẹ, bí ó bá wo òkè tán, kí ó wo omi pẹ̀lú.

Lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ ni omi òkun ń kún tí ó sì ń fà. Bí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, tàbí tí ó di àránmọ́jú ní nǹkan bí ọjọ́ 14 tàbí 15, òṣùpá àti oòrùn a jùmọ̀ fa omi. Ọjọ́ kan tàbí méjì lẹ́yìn náà ni ó ń kún jù. Bí ìgbì ńlá láti ọ̀nà jíjìn bá pàdé rẹ̀ nígbà òjò, omi lè wọlé láìsí ìjì rárá. Ìdí nìyẹn tí ó fi ń bá ènìyàn lórí ẹní.

Ayétòrò, tí àwọn onígbàgbọ́ aládùúrà dá sílẹ̀ ní 1947, òkun ti gbé ọ̀pọ̀ ilé rẹ̀ lọ. Àwóyè náà ń ṣí sẹ́yìn. Omi kò bi ẹnikẹ́ni ní ẹ̀sìn. Ẹrẹ̀ ni etíkun wa, ẹrẹ̀ kò sì lè dúró de ìgbì. Òkun àgbáyé pàápàá ń ga sí i.

Ní ilẹ̀ Switzerland, òjò dídì tí ó kó jọ sórí òkè a máa ya lulẹ̀ pa ènìyàn. Nígbà òtútù, a ń kéde ewu rẹ̀ fún ará ìlú lójoojúmọ́, láti ipò 1 dé 5, kí oníkálukú tó gbẹ́sẹ̀. Òṣùpá ni ìkéde tiwa.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá, bí ọjọ́ wọ̀nyí bá kù sí dẹ̀dẹ̀, ẹ kó Kùránì, ìwé ẹ̀rí ọmọ àti owó sínú ọ̀rá, kí ẹ so ó mọ́ àjà. Ẹ gbé ẹja gbígbẹ àti igi ìdáná sókè. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ sùn ní yàrá tí ó kọjú sí òkun. Ẹ tètè gbé arúgbó àti aboyún lọ sọ́dọ̀ ẹbí ní Igbókọ̀dá.

Àwọn kan á ní kádàrá ni. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n Ànábì wa kọ́ wa pé kí ènìyàn so ràkúnmí rẹ̀ kí ó tó fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Àwa kò ní ràkúnmí. Ọkọ̀ ni a ní. Ẹ so ó sí ẹnu ọ̀nà, kí àjẹ̀ sì wà nínú rẹ̀.

Kí Ọlọ́run Ọba ṣọ́ wa. Àmín.