Níbo Ni Màmá Àgbà Yóò Sùn?

Ọ̀rọ̀ ilé gbígbé ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, n kò sì ní fi epo bọyọ̀.

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Orúkọ nìkan kọ́ ni ilé ń fún ọmọ. Ilé ló ń fún un ní èdè pẹ̀lú. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn fúláàtì tuntun tí wọ́n ń kọ́ ní Toronto, àwọn tí wọ́n ń pè ní kọ́ńdò, ń gba Yorùbá lẹ́nu àwọn ọmọ wa. Àwa òbí sì ń fi owó ara wa rà á, nítorí pé ilé ìdáná rẹ̀ ń dán.

Ẹ jẹ́ kí a jọ wọ inú ọ̀kan. Ẹ ò tíì bọ́ bàtà tán tí ẹ ti wà nínú ilé ìdáná. Ilé ìdáná náà kò ní ògiri tirẹ̀. Ara ògiri pálọ̀ ni wọ́n to sítóòfù, fíríìjì àti ẹ̀rọ tó ń fọ abọ́ sí. Tábìlì gíga olókùúta kan dúró láàárín, wọ́n ń pè é ní island. Ẹ gbé ẹsẹ̀ díẹ̀ sí i, ẹ ti kan gíláàsì tó ti ilẹ̀ dé òkè àjà. Ẹ wá wo yàrá. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, yàrá kejì kò ní fèrèsé. Ilẹ̀kùn gíláàsì tí à ń wọ́ ni wọ́n fi dí i, kí ó lè máa yá ìmọ́lẹ̀ lò láti pálọ̀. Òmíràn tún ní kọ̀rọ̀ kan tí kò ní ilẹ̀kùn, tí kò ní fèrèsé. Den ni wọ́n ń pe ìyẹn.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ mọ ẹranko tó ń gbé inú den. Ihò ni Bíbélì Yorùbá pè é. Òru ọjọ́ kan péré ni Dáníẹ́lì sùn nínú ihò kìnnìún. Màmá àgbà ńkọ́, oṣù mélòó ni a fẹ́ kó sùn nínú tiwa?

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àwàdà. Láti oṣù Kejìlá ọdún 2011 ni ìjọba Kánádà ti ń fún àwọn òbí, ìyá àgbà àti bàbá àgbà ní físà tí wọ́n ń pè ní Super Visa. Láti oṣù Keje ọdún 2022, ẹni tó bá rí i gbà lè dúró tó ọdún 5 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tó bá wọlé. Ọdún 5! Ọmọ tó jẹ́ ọdún 3 á ti pé ọdún 8. Kò sí kíláàsì ọjọ́ Sátidé kankan, kò sì sí ẹ̀kọ́ tí èmi lè kọ síbí, tó lè ṣe fún ẹnu ọmọ yẹn ohun tí ìyá àgbà yóò ṣe láàárín ọdún 5. Ìjọba ti ṣílẹ̀kùn fún Màmá, ṣùgbọ́n kọ́lékọ́lé kò kọ́ yàrá fún un. (Ẹ̀yin ọmọ, ẹ wo àmì ìsàlẹ̀ rẹ̀ dáadáa: kọ́lékọ́lé ni mo kọ o, n kò kọ kólékólé!) Màmá á sùn lórí àga pálọ̀ fún oṣù méjì, ẹ̀yìn á máa dùn ún, ojú á sì máa tì í láti sọ. Nígbà tó bá yá, á ní òun fẹ́ lọ wo ilé òun n'Ìbàdàn. Bó ṣe ń lọ, Yorùbá ń bá a lọ.

Ẹ fi èyí wé agboolé àtijọ́. N'Ìbàdàn, l'Ọ́yọ̀ọ́, l'Ábẹ́òkúta, yàrá ló máa ń yí àgbàlá ká. Ọ̀ọ̀dẹ̀ wà níwájú yàrá, lábẹ́ òrùlé, ó ṣí sí àgbàlá. Yàrá kéré, ó sì ṣókùnkùn, nítorí orun àti ẹrù ni wọ́n ṣe é fún. Ọ̀ọ̀dẹ̀ ni wọ́n ń gbé ní ti gidi. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbàlejò, tí wọ́n ti ń dirun, tí wọ́n ti ń parí ìjà. Ọmọ tó fẹ́ jáde lọ pọnmi á kí àgbà mẹ́ta kó tó dé ẹnu ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó jókòó kọ́ ọ pé báyìí ni à ń kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́, báyìí ni à ń kí ẹni tó jókòó. Ọ̀nà tó ń gbà kọjá lójoojúmọ́ ló kọ́ ọ.

Mi ò ní kí a gbé agboolé wá sí Finch Avenue o. Agboolé ní àléébù tirẹ̀: ariwo, òfófó, àṣírí tí kì í bò. Ọmọ tó ní iṣẹ́ àṣetiléwá nílò ilẹ̀kùn tó ṣeé tì. Ohun tí mo ń sọ ni pé àwọn tó kọ́ agboolé mọ ẹni tí yóò gbé ibẹ̀. Ta ni àwọn tó ń ya kọ́ńdò ní lọ́kàn? Ẹnì kan ṣoṣo, tàbí tọkọtaya tí kò ní ọmọ, tí wọ́n ń ra oúnjẹ jẹ. Ju ìyẹn lọ, olówó tó fẹ́ fi ilé ṣòwò ni wọ́n ní lọ́kàn. Orí ìwé ni wọ́n ti ń ta ọ̀pọ̀ nínú wọn kí wọ́n tó gbẹ́ ilẹ̀ rárá, fún ẹni tí kò ní sùn níbẹ̀ lọ́jọ́ kan. Nígbà tó di ọdún 2024, títa kọ́ńdò tuntun ní agbègbè Toronto wálẹ̀ dé ibi tí kò dé rí láti ohun tó lé ní ogún ọdún. Wọ́n ti kọ́ ilé fún ọjà, ọjà sì kọ̀ ọ́.

Àwọn aláṣẹ ìlú pàápàá mọ̀. Ní oṣù Keje ọdún 2020, ìgbìmọ̀ ìlú Toronto fọwọ́ sí ìlànà kan tó ń jẹ́ Growing Up, lórí ọmọdé tó ń gbé ilé gíga. Ó ní kí ilé tuntun tó bá ní fúláàtì 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ya ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún sọ́tọ̀, ó kéré tán, fún fúláàtì ńlá: ìdá 15 fún oníyàrá méjì, ìdá 10 fún oníyàrá mẹ́ta. Ó ní kí oníyàrá mẹ́ta fẹ̀ tó mítà onígun mẹ́rin 100 sí 106. Ìlànà tó dára ni, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn ni, kì í ṣe òfin. Ẹ wo CityPlace, nítòsí CN Tower. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000 ni wọ́n ti ń kọ́ ilé gíga síbẹ̀. Ọdún 2020 ni ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó dé àárín wọn, Jean Lumb, tó ṣílẹ̀kùn. Àwọn ọmọ ti dé tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó rántí wọn.

Ẹ̀yin òbí, ọ̀rọ̀ kan yín o. Bí a bá lọ wo ilé, kí ni à ń wò? Òkúta orí tábìlì, odò ìwẹ̀, ibi eré ìdárayá. A ra àga funfun, a wá ń pariwo mọ́ ọmọ pé kó má fọwọ́ kàn án. Gbogbo àga kọjú sí tẹlifíṣọ̀n bí ẹni pé òun ni baálé ilé. Ẹ̀rọ tó ń fa èéfín lórí sítóòfù, a kì í bèèrè bóyá ìta ló ń tú u sí. Nínú ọ̀pọ̀ fúláàtì, ṣe ló kàn ń sẹ́ èéfín, tó sì ń dá a padà sínú pálọ̀. Irú àti ẹja gbígbẹ á wá bá wa sùn nínú tìmùtìmù. Bó ṣe di pé a ò sè é mọ́ nìyẹn. Nígbà tí ọbẹ̀ bá kúrò nílé, ìjábẹ̀, orógùn àti ìgbákọ á di ọ̀rọ̀ tí ọmọ kò gbọ́ rí.

Ẹ ó ní, "Owó ńkọ́?" Òótọ́ ni, Toronto wọ́n. Ṣùgbọ́n àwọn ilé gíga tí wọ́n kọ́ láàárín ọdún 1960 sí 1979 ṣì wà, ní Rexdale, ní Jane àti Finch, ní Thorncliffe Park, ní St. James Town. Páìpù ti gbó níbòmíràn, lífítì lè máa dákú, kò sì sí ohun tó ń dán. Síbẹ̀ yàrá wọn sábà máa ń fẹ̀ ju ti kọ́ńdò tuntun lọ. Mo mọ èyí tí èmi yóò mú.

Kí ẹ tó fọwọ́ síwèé ilé kankan, ẹ dán nǹkan mẹ́rin wọ̀nyí wò:

1. Ẹ ní kí ọmọkùnrin yín dọ̀bálẹ̀ gbalaja ní pálọ̀. Bí orí rẹ̀ bá kan island, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ògiri, ẹ máa lọ.
2. Ẹ bèèrè ibi tí Màmá yóò sùn. Ó gbọ́dọ̀ ní ilẹ̀kùn, ó sì gbọ́dọ̀ ní fèrèsé.
3. Ẹ wá ibi tí ènìyàn mẹ́fà lè jókòó jẹun sí, kí wọ́n máa wo ojú ara wọn.
4. Ẹ bèèrè ibi tí èéfín ọbẹ̀ ń gbà jáde.

Bí ẹ bá ti rà á ńkọ́? Ẹ yí àga padà kí wọ́n kọjú síra. Ẹ tẹ́ ẹní sílẹ̀. Bí Màmá bá dé, ẹ fún un ní yàrá tó ní fèrèsé, kí ọmọ bá a sùn níbẹ̀. Ẹ̀yin òbí ni kí ẹ lọ sùn nínú ihò kìnnìún!

Ọ̀rọ̀ tuntun fún ẹ̀yin ọmọ:

Agboolé: ilé ńlá tí ọ̀pọ̀ ẹbí jọ ń gbé.
Àgbàlá: àyè láàárín tàbí lẹ́yìn ilé, tí òrùlé kò bò.
Ọ̀ọ̀dẹ̀: ibi tí à ń jókòó sí níwájú yàrá.
Àjà: ohun tó wà lókè orí yín nínú yàrá. Ajá ni èyí tó ń gbó o!

Iṣẹ́ àṣetiléwá: Ẹ ya ilé yín sínú ìwé. Ẹ fi àmì sí ibi tí ẹ ti ń kí àwọn òbí yín láàárọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ pe ìyá àgbà tàbí bàbá àgbà lórí fóònù, kí ẹ ní kí wọ́n ṣàpèjúwe ilé tí wọ́n bí wọn sí. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ márùn-ún tí ẹ kò gbọ́ rí sílẹ̀.

Ó dìgbà kan ná. Ilé yín á tù yín lára o.