Àgùdà Èkìtì, Ẹ Jẹ́ Ká Sọ̀rọ̀ Síta

Ó ń dùn mí pé àwa Àgùdà Adó-Èkìtì kì í pa Mísà jẹ, síbẹ̀ a kì í sọ ohun tó ń gbé wa lọ fún aládùúgbò. Kí wọ́n tó yọ dáyósíìsì Èkìtì lára ti Oǹdó lọ́dún 1972, tí wọ́n fi Bíṣọ́ọ̀bù Michael Fágún jẹ olórí rẹ̀, ìgbàgbọ́ yìí ti wọ abúlé. Àwọn katikíìsì ló ń kọ́ ọmọdé ládùúrà, tí wọ́n ń bẹ aláìsàn wò níbi tí fadá kò ti lè máa wà lójoojúmọ́. Gbèsè iṣẹ́ wọn wà lọ́rùn wa, a kò sì gbọdọ̀ dá iṣẹ́ náà dá fadá. N kò ní ká fi tipá mú ẹnikẹ́ni, n kò sì ní ká bú ẹ̀sìn ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n bí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ ìyá tó ń ta èlùbọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ lọ́jà Ọba, jókòó tì í, bá a gbàdúrà. Bó bá bi ọ́ níbi tí ìrètí rẹ ti ń wá, má wulẹ̀ sọ pé ìjọ tí wọ́n bí ọ sí ni. Dárúkọ Jésù fún un, kí o sì mú un dání wá sí Kàtídírà Patrick Mímọ́ lọ́jọ́ Àìkú.