Ẹ Má Jẹ́ Kí Fọ́ọ̀mù Dínà Sàká



Ní ọjọ́ Jímọ̀, a máa ń rí àwọn afọ́jú àti arọ lẹ́nu ọ̀nà mọ́sáláṣí. A ó ju owó sínú abọ́ wọn, a ó sì bá tiwa lọ. Bẹ́ẹ̀ ni owó sàká tí ó lè sọ ẹnì kan di oníṣòwò wà lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ nínú ilé. Kí ló dé tí àwọn ará ẹnu ọ̀nà kì í fi í dé ibẹ̀?

Lójú tiwa, ọ̀nà tí a là sílẹ̀ fún ìbéèrè ni kò gbà wọ́n. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn ni a fi kéde, adití kò gbọ́. Fọ́ọ̀mù ni a ní kí wọ́n kọ, afọ́jú kò rí i kà. Orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ìgbìmọ̀ jókòó sí, arọ kò lè gùn ún.

Àwọn kan á ní, “Kí wọ́n rán ọmọ wọn wá.” Ṣé ọmọ tí ó yẹ kí ó wà ní kíláàsì ni yóò máa fa ọ̀pá bàbá rẹ̀ kiri? Ṣé ojú ọmọ náà ni kí bàbá ti tú àṣírí gbèsè rẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí a rántí Súrà Abasa. Afọ́jú ni Abdullahi ọmọ Ummu Maktum tí ó tọ Ànábì wá fún ìmọ̀ nígbà tí Ànábì ń bá àwọn ọlọ́lá Kùréṣì sọ̀rọ̀. Nítorí tirẹ̀ ni ìkìlọ̀ fi sọ̀ kalẹ̀. Afọ́jú yìí kan náà ṣe ládàánì ní Mẹ̀dínà.

Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2019 pẹ̀lú kọ̀ kí a máa ya aláàbọ̀ ara sọ́tọ̀.

Nítorí náà, kí ìgbìmọ̀ sọ̀kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Kí a lẹ ìkéde mọ́ ògiri, kí a sì wá ẹni tí ó gbọ́ èdè ọwọ́ àwọn adití. Kí ẹni tí a fọkàn tán kọ ohun tí afọ́jú bá sọ, kí ó kà á padà fún un kí ó tó tẹ̀ka. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí a fi aláàbọ̀ ara kan sínú ìgbìmọ̀, nítorí ẹni tí bàtà ń ta lẹ́sẹ̀ ló mọ ibi tí ó ti ń ta á.

Kí Ọlọ́hun má ṣe jẹ́ kí a fi ọwọ́ ara wa ti ilẹ̀kùn àánú. Àmín.