Ẹ̀jẹ̀ Àwọn Abiyamọ

Bí aboyún bá ń rọbí, àdúrà tí gbogbo ilé ń gbà ni pé kí a gbóhùn ìyá, kí a sì gbóhùn ọmọ. Àdúrà náà dára, ṣùgbọ́n ní oṣù Ọ́kítóbà ọdún 2025 Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà titun kan jáde tí ó fi hàn pé iṣẹ́ wà láti ṣe lẹ́yìn àmín. Tẹ́lẹ̀ rí, ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ tí ó dà lára ìyá ọmọ bá tó ìdajì lítà ni a ń kà á sí ewu. Nísinsìnyí, bí ó bá ti tó 300 mìlílítà, tí bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù tàbí ìfúnpá rẹ̀ sì ti yàtọ̀, kí ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. A fara mọ́ ìlànà yìí tọkàntọkàn, ó sì yẹ kí àwọn òǹkàwé wa mọ ìdí rẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ tí ó wà nínú àgbàlagbà tó nǹkan bí lítà márùn-ún. Ti aboyún tilẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà, ara kì í káwọ́ gbera kí ó máa wòran. Ọkàn a máa sáré. Àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tí ó wà ní awọ ara àti ní ìfun a fún pọ̀, kí ìwọ̀nba tí ó kù lè máa lọ sí ọpọlọ àti ọkàn. Nítorí náà ni ọwọ́ àti ẹsẹ̀ fi ń tutù, tí òógùn tútù sì ń bo ènìyàn. Kíndìnrín a dá omi àti iyọ̀ dúró. Omi tí ó wà láàárín ẹran ara a sì wọ inú iṣan lọ láti dí àlàfo. Ààbò ńlá ni èyí, ṣùgbọ́n ẹ̀tàn wà nínú rẹ̀. Ìfúnpá lè dúró gẹ́lẹ́ lójú ẹni tí ń wọ̀n ọ́n títí ohun tí ó sọnù yóò fi tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta, tí ìyá ọmọ sì ń sọ̀rọ̀, tí ó ń béèrè omi mímu. Nígbà tí ìfúnpá bá já lulẹ̀, ohun tí àwọn oníṣègùn ń pè ní ṣọ́ọ̀kì ti jinlẹ̀ lára rẹ̀: ẹ̀jẹ̀ kò lè gbé atẹ́gùn tó fún ẹran ara mọ́. Bí ó bá pẹ́ bẹ́ẹ̀, kíndìnrín a dáṣẹ́ sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kò ní lè dì, ọkàn fúnra rẹ̀ a sì rẹ̀.

Àánú tí ara ṣe fún wa ni àkókò. Àwa ni a ń fi í ṣòfò.

Ta ni ó lè fi ojú lásán wọn ẹ̀jẹ̀ tí ó ti mu sínú aṣọ àti ẹní? Ní ọdún 2023 ni a gbé àbájáde ìwádìí kan jáde láti ilé ìwòsàn 80 ní Nàìjíríà, Kẹ́ńyà, Tansaníà àti Gúúsù Áfíríkà, níbi tí àwọn obìnrin tí ó ju 200,000 lọ ti bímọ. Níbi tí àwọn agbẹ̀bí ti tẹ́ ọ̀rá alápò tí a kọ ìwọ̀n sí lára, tí wọ́n sì para pọ̀ ṣe gbogbo ìtọ́jú lẹ́ẹ̀kan náà, èyíinì ni fífọwọ́ ra ilé-ọmọ, oògùn tí ń mú un sún kì, oògùn tí ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró, omi sára, àti àyẹ̀wò, ewu ẹ̀jẹ̀ dídà tí ó le koko dín kù ní ìdá 60 nínú 100. Ọ̀rá lásán ni o!

Bí ẹ̀jẹ̀ bá dúró ní àsìkò, ara a tún ara rẹ̀ ṣe. Omi inú ẹ̀jẹ̀ a padà láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Ṣùgbọ́n èyí tí ń sọ ọ́ di pupa, mùdùnmúdùn egungun ní í ṣe é, ó sì ń gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ìyá tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó tẹ́lẹ̀ kò lè dúró dè é; ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn ni yóò gbà. Ọdún 2021 ni a fọwọ́ sí òfin tí ó dá àjọ ìjọba àpapọ̀ fún ọ̀ràn ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ọkọ ni a ń rán jáde lóru pé kí ó lọ wá ẹni tí yóò fún ìyàwó rẹ̀ lẹ́jẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ tí a fi pamọ́ sínú òtútù kì í ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún sí mẹ́fà lọ. Ẹgbẹ́ òṣèlú tí ó lè kó ènìyàn kún pápá lè kó wọn wá fún ẹ̀jẹ̀ ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, láìdúró de ìdìbò. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀yin olùkọ́, tí òbí àwọn ọmọ ń gba ọ̀rọ̀ yín gbọ́.

Ní ti àwọn Kọmíṣọ́nnà fún Ètò Ìlera ní àwọn ìpínlẹ̀ wa, ìbéèrè kan ni a ní: ilé ìgbẹ̀bí mélòó ni ó ní ọ̀rá yìí àti àwọn oògùn náà lónìí? Kí wọ́n kọ iye rẹ̀ jáde, ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan.