Lẹ́tà Gbangba sí Gómìnà Ìpínlẹ̀ Ògùn Lórí Àwọn Agùnbánirọ̀ àti Igbó Omo

Ọlọ́lá Jùlọ, Ọmọọba Dàpọ̀ Abíọ́dún,

Ẹ̀yin ọmọ Rẹ́mọ tí ẹ jókòó lórí àga Ìpínlẹ̀ Ògùn, èmi tí mò ń kọ̀wé yìí láti Ìjẹ̀bú-Òde, ọmọ Ọbańta ni mí, ọmọ alágẹmọ mẹ́rìndínlógún, mo sì ti dàgbà tó láti mọ̀ pé a kì í dúró lójú pópó bá olórí sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá yìí, ti gbogbo wa ni, ìdí nìyí tí mo fi ń sọ ọ́ ní gbangba.

Igbó ọba Omo ni mo ń wí, èyí tí ìjọba òyìnbó pa ààlà sí ní 1925, tí UNESCO sì kà mọ́ àwọn igbó tí aráyé gbọ́dọ̀ dá sí ní 1977. Àjànàkú ṣì ń gbé ibẹ̀, kò jìnnà sí ọ̀nà tí àwọn tó ń ti Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí Ọ̀rẹ̀ ń sáré gbà kọjá láìbojú wo ẹ̀gbẹ́. Ibẹ̀ náà sì ni agégi àti ẹni tó ń dá oko kòkó ti ń jẹ ẹ́ wọlé díẹ̀díẹ̀, bí ikán ti ń jẹ òpó ilé tí onílé rò pé ó ṣì le. Ní J4, apá kan nínú igbó náà, igi gmelina tí ìjọba gbìn ní ìlà-ìlà nítorí ilé-iṣẹ́ bébà Ìwópin ló gba ibi tí ìdígbó, arère àti ìrókò àwọn baba wa wà. Àwọn ẹ̀ṣọ́ tó ń ṣọ́ igbó náà, tí àwọn kan nínú wọn jẹ́ ọdẹ rí, kò pọ̀ tó iṣẹ́ tó wà níbẹ̀.

Àwọn tó lè kún ẹ̀ṣọ́ wọ̀nyí lọ́wọ́ ni àwọn agùnbánirọ̀. Láti 1973, lẹ́yìn ogun abẹ́lé, ni àwọn ọmọ tó jáde yunifásítì ti ń fi ọdún kan sin ilẹ̀ baba wọn lábẹ́ NYSC. Bí àwọn tí wọ́n rán sí Ògùn bá ti lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní àgọ́ Ṣágámù, wọ́n á pín wọn ká, púpọ̀ á sì bọ́ sí ilé-ìwé. Ọjọ́ kan péré láàárín ọ̀sẹ̀ ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ ìlú, inú rẹ̀ sì ni igi gbíngbín há sí. Mo ti rí irú igi bẹ́ẹ̀ nílé-ìwé kan tí n kò ní dárúkọ: wọ́n gbìn ín, wọ́n ya fọ́tò, ẹ̀ẹ̀rùn dé, ewúrẹ́ parí ìyókù. N kò bá àwọn ọmọ náà wí, nítorí ẹni tí a kò fi sí ìdí igi, báwo ni yóò ṣe bu omi fún un?

Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí ẹ bá NYSC sọ ọ́, kí àwọn agùnbánirọ̀ tó kẹ́kọ̀ọ́ nípa igbó, ewéko àti ẹranko, ní yunifásítì FUNAAB tó wà ní Abẹ́òkúta àti níbòmíràn, máa fi odidi ọdún wọn sin Omo, kí àwọn tuntun sì bá àwọn tó ń lọ lẹ́nu iṣẹ́, kí okùn iṣẹ́ má bàa já. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè: ọmọ yunifásítì lè fi àwòrán tí a yà láti ojú sánmọ̀ wá ibi tí wọ́n ti bẹ́ igbó, ọdẹ á sì mọ ipa ẹsẹ̀ ẹni tó bẹ́ ẹ. Owó àjẹmọ́nú wọn, tí ó ti di ₦77,000, Àbújá ló ń san án. Ilé, bàtà òjò àti ààbò ni kí ẹ pèsè, nítorí agégi tí inú ń bí kì í béèrè ọmọ ẹni tí ó nàbọn sí.

Irú ètò yìí kì í ṣe tuntun. Ní 1933, nígbà tí ìṣẹ́ mú Amẹ́ríkà, Ààrẹ Roosevelt kó àwọn ọ̀dọ́kùnrin tí kò níṣẹ́ wọ inú igbó láti ṣiṣẹ́. Nínú dọ́là 30 tí wọ́n ń gbà lóṣù, 25 ń lọ sílé fún ìdílé wọn, nígbà tí ètò náà sì fi máa parí ní 1942, àwọn tó ti gba ibẹ̀ kọjá ti tó mílíọ̀nù mẹ́ta. Ààrẹ Biden gbìyànjú irú rẹ̀ ní 2023, ṣùgbọ́n kò pé ọdún méjì tí ìjọba fi yí padà, ètò náà sì bá a lọ. Sáà tiyín náà ń parí ní 2027, Ọlọ́lá. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí àwọn aṣòfin fi òfin de ètò yìí mọ́lẹ̀ kí ẹ tó kúrò lórí àga.

Ní ti ilé tí àwọn ọmọ yóò gbé, ẹ ránṣẹ́ sí àwọn régbérégbé wa, ẹgbẹ́ àwọn ojúgbà tí wọ́n ń wọ aṣọ kan náà lọ sí ọdún Ojúde Ọba ní ọjọ́ kẹta Iléyá, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kọ́ ilé kan sétí igbó. Mo mọ àwọn ènìyàn mi: kí wọ́n tó bi yín iye tí yóò ná wọn, wọn yóò ti béèrè aṣọ tí wọn yóò wọ̀ lọ ṣí i.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde kan.