Sí Gómìnà Ìpínlẹ̀ Oǹdó, lórí àwọn àbà Ìfọ́n tó ń wó

Ọlọ́lá jùlọ, Gómìnà Lucky Aiyedatiwa,

Ọ̀rọ̀ àbà ni mo gbé wá: àwọn ilé oko àtijọ́ àti ilé ẹran wọn, ní agbègbè Ìfọ́n ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ́.

Ẹni tó bá ti Òkè-Ọya wá lè máa wá ilé ẹṣin níbẹ̀. Kò ní í rí i. Eṣinṣin irù kì í jẹ́ kí ẹṣin pẹ́ nínú igbó. Òun ló fà á tí agbára ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ fi mọ sí ilẹ̀ ọ̀dàn. Lọ́dọ̀ tiwa, orí làgbẹ̀ fi ń ru iṣu wálé. Ewúrẹ́ àti àgùntàn kúkurú, tí àìsàn irù kì í tètè pa, ló ń sùn nínú agbo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ahéré.

Ahéré ni gbogbo àbà fi bẹ̀rẹ̀: òpó mélòó kan, koríko lórí, iná lábẹ́. Bí oko bá dára, wọ́n á mọ ògiri, wọ́n á kọ́ aká. Níbi tí kòkó bá ti mówó wá, páànù á gorí ilé, wọ́n á da sìmẹ́ǹtì sí ìta iwájú ilé fún sísá kòkó. Ẹ wo ìta yẹn, ẹ ó mọ̀ bóyá baálé ibẹ̀ rí jájẹ. Tí ìjà ilẹ̀ bá sì dé kóòtù, igi obì tí bàbá ẹni gbìn àti ògiri tó mọ ló ń jẹ́rìí fún ọmọ.

Ẹlẹ́rìí yìí ló ń kú lọ, torí ẹ̀rù ń lé àgbẹ̀ kúrò lóko. Ní Nòfẹ́ńbà 26, 2020, wọ́n pa Olúfọ́n ti Ìfọ́n, Ọba Israel Adeusi, ní Ẹlẹ́gbẹ̀ka, bí ọba náà ṣe ń ti ìpàdé àwọn ọba bọ̀ láti Àkúrẹ́. Bí wọ́n bá lè pa ọba lójú títì, ta ni yóò sun oko? Nítorí irú ìwà ipá bẹ́ẹ̀, ní Jánúárì 2021, olóògbé Gómìnà Akeredolu fún àwọn darandaran ní ọjọ́ méje láti kúrò nínú igbó ìjọba. Ní Ọ́gọ́ọ̀sì 31 ọdún yẹn, wọ́n buwọ́ lu òfin tó ka fífi ẹran jẹko ní gbangba léèwọ̀. Òfin náà dáa. Àmọ́ òfin kì í tún ilé kọ́: ilé amọ̀ tí a kò dáná nínú rẹ̀ mọ́, ikán àti òjò ló ni ín.

A mọ bí a ṣe ń tọ́jú ohun àtijọ́: Mùsíọ́mù Ọ̀wọ̀ ti wà láti 1968, awalẹ̀pìtàn Ekpo Eyo sì wa ilẹ̀ Igbó Lájà ní Ọ̀wọ̀ títí tí ère amọ̀ fi jáde. Ti ààfin ni wọ́n ń tọ́jú. Ta ló ń tọ́jú ti àgbẹ̀? Mi ò ní kí ẹ sọ àbà di ààfin o.

Ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ Adekunle Ajasin University ní Àkùngbá àti Rufus Giwa Polytechnic ní Ọ̀wọ̀ lọ kọ orúkọ àbà kọ̀ọ̀kan àti ẹni tó tẹ̀ ẹ́ dó, kí wọ́n ya àwòrán rẹ̀. Kí ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn sì máa ṣọ́ ọ̀nà oko lásìkò ìkórè, kì í ṣe títì ńlá nìkan. Ẹ jọ̀ọ́, Gómìnà, ẹ má jẹ́ kí ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀ yìí kọjá kí iṣẹ́ náà tó bẹ̀rẹ̀.